Yáàdì Mẹ́wàá Tí Òfin Bọ́ọ̀lù Fi Fún Ẹni Tí A Ṣẹ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dúró ní etí pápá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, yálà ní Ìbà, ní Ọjọ́ tàbí ní Òkòkòmáíkò, yóò ti rí bí òwe yìí ti ń ṣẹ ní ojú gbogbo ènìyàn. Rẹfirí fọn fèrè, ó fún ikọ̀ kan ní fíríkíìkì. Àwọn tí ó ṣẹ̀ to ara wọn jọ bí ògiri níwájú bọ́ọ̀lù. Rẹfirí ní kí wọ́n sún sẹ́yìn, wọ́n sì sún. Ṣùgbọ́n bí ó ti yí ojú padà báyìí, ẹsẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ rìn síwájú, títí wọn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gun orí bọ́ọ̀lù. Ẹni tí yóò gbá a gbá a, ó bà wọ́n lára, ó ta padà. Ariwo sọ. Àwọn kan ní kí a tún un gbá, àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ ti parí. Nígbà mìíràn ariwo yìí a di ìjà, rẹfirí tí kò ní ọlọ́pàá kankan lẹ́yìn a sì jẹ ìyà tí kò tọ́ sí i.

Nítorí èyí ni a ṣe rò pé ó tọ́ kí a la ọ̀rọ̀ náà yé àwọn ènìyàn wa. Ìjà púpọ̀ lórí pápá kì í ṣe ti ìkà, ti àìmọ̀ ni. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí òfin wí, tí ó sì mọ ohun tí rẹfirí ń wò, kò ní í tètè bínú.

KÍ NI FÍRÍKÍÌKÌ JẸ́?

Fíríkíìkì jẹ́ ìtánràn. Nígbà tí agbábọ́ọ̀lù kan bá ta ẹlòmíràn ní ẹsẹ̀, tàbí tí ó tì í ṣubú, tàbí tí ó fi ọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù, ó ti ba iṣẹ́ tí ikọ̀ kejì ń ṣe jẹ́. Òfin wá ní kí a gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ ní ibi tí a ti ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ náà, kí ẹni tí a ṣẹ̀ gbá a láìsí ìdíwọ́.

Ẹ ṣàkíyèsí gbólóhùn náà, láìsí ìdíwọ́. Ohun méjì ni òfin fún ẹni tí a ṣẹ̀. Èkínní ni bọ́ọ̀lù. Èkejì ni àyè. Gbogbo ọmọ ikọ̀ kejì gbọ́dọ̀ jìnnà sí bọ́ọ̀lù náà ní yáàdì 10, èyíinì ni mítà 9.15, títí a ó fi gbá a. Bí a bá fún un ní bọ́ọ̀lù tí a kò fún un ní àyè, ìdajì ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni a fún un. Ọ̀rọ̀ náà dà bí ti ẹni tí ó jàre ẹjọ́ ilẹ̀, tí a sì fi pèrègún sàmì sí ààlà rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹni tí ó jẹ̀bi ń hú pèrègún náà ní òru, tí ó sì ń gbìn ín síwájú ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé a ti ṣe ìdájọ́ òdodo níbẹ̀.

Òfin yìí kì í ṣe tuntun. Ní àtijọ́, yáàdì 6 péré ni a ń béèrè. Ní ọdún 1913 ni àwọn tí ń ṣe òfin bọ́ọ̀lù sọ ọ́ di yáàdì 10, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà títí di òní, ní ibi ìdíje Ife Àgbáyé àti ní pápá ilé ẹ̀kọ́ ìgbèríko bákan náà.

Àyàfi kan wà tí ó yẹ kí a mọ̀. Nígbà mìíràn a lè fún ikọ̀ kan ní fíríkíìkì tí kò ṣeé gbá tààrà wọ inú ilé, ní ibi tí ó súnmọ́ ilé àwọn ọ̀tá tó bẹ́ẹ̀ tí yáàdì 10 kò sí láàárín bọ́ọ̀lù àti òpó. Níbẹ̀, òfin gba àwọn tí ń dáàbò bo ilé láyè láti dúró lórí ìlà ilé wọn gan-an, láàárín òpó méjèèjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò jìnnà tó. Ẹni tí kò mọ èyí lè rò pé rẹfirí ń ṣe ojúsàájú.

BÁWO NI A TI Ń MỌ YÁÀDÌ MẸ́WÀÁ?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé dandan ni kí rẹfirí ka ìgbésẹ̀ kí ó tó lè mọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Pápá fúnra rẹ̀ ni ìwọ̀n. Ẹ wo òbìrí tí a fi ẹfun fà sí àárín pápá: láti ojú àmì àárín rẹ̀ dé etí rẹ̀, yáàdì 10 gan-an ni. Ẹ tún wo ìlà tí ó tẹ̀ bí ọrun níwájú àgbègbè pẹ́nárítì: yáàdì 10 ni òun náà fi jìnnà sí ojú àmì tí a ti ń gbá pẹ́nárítì. Nítorí náà, rẹfirí tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa rìn lórí pápá kí eré tó bẹ̀rẹ̀, a dúró ní ojú àmì àárín, a sì wo etí òbìrí náà títí ìwọ̀n yẹn yóò fi mọ́ ọn lójú. Bí a bá fún ikọ̀ kan ní fíríkíìkì lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ ni yóò wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìdí pàtàkì wà fún èyí. Bí rẹfirí bá kọ ẹ̀yìn sí bọ́ọ̀lù tí ó ń ka ìgbésẹ̀, àwọn tí yóò gbá a lè yọ́ ọ sún síwájú. Bí ó bá sì kọ ẹ̀yìn sí ògiri, ògiri yóò rìn. Ọlọ́gbọ́n rẹfirí a máa dúró ní ẹ̀gbẹ́, níbi tí yóò ti lè rí bọ́ọ̀lù àti ògiri pọ̀.

ẸNI TÍ A ṢẸ̀ LÓ Ń YÀN

Nígbà tí a bá ti fọn fèrè fún fíríkíìkì, ẹni tí a ṣẹ̀ ní ọ̀nà méjì níwájú rẹ̀, òun ni ó sì ń yan èyí tí ó wù ú.

Ọ̀nà èkínní ni kí ó gbá a kíákíá. Bí bọ́ọ̀lù bá ti dúró jẹ́ẹ́ ní ibi tí ó yẹ, kò ní láti dúró de fèrè kejì, kò sì ní láti dúró kí ẹnikẹ́ni sún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ewu wà níbẹ̀ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà. Bí ọ̀tá kan tí kò jìnnà tó yáàdì 10 bá gba bọ́ọ̀lù náà lẹ́yìn tí ó ti gbá a, rẹfirí yóò jẹ́ kí eré máa lọ. Ẹni tí ó yára ti gbà láti fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Kò lè yára tán kí ó tún padà wá béèrè pé kí a tún un gbá.

Àpẹẹrẹ èyí wà tí àwa ọmọ Nàìjíríà kò lè gbàgbé. Ní ọjọ́ 25 oṣù Òkudù ọdún 1994, ikọ̀ wa pàdé ti Argentina ní ìdíje Ife Àgbáyé ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Samson Siasia ni ó kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé fún wa. Lẹ́yìn náà ni Claudio Caniggia gbá ọ̀kan wọlé fún Argentina láti inú fíríkíìkì tí aṣọ́lé wa ta padà. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí wọ́n tún rí fíríkíìkì mìíràn. Bí àwọn ará ilé wa ti ń wò, Diego Maradona ti yára gbá a sí Caniggia, Caniggia sì gbá a kọjá olóògbé Peter Rufai, ọmọ ọba Ìdímù, ìlú tí kò jìnnà sí Ìbà wa yìí. Góòlù 2 sí 1 ni wọ́n fi ṣẹ́gun wa. Maradona kò rú òfin kankan. Àwọn tiwa ni wọ́n dúró de ohun tí òfin kò ṣèlérí fún wọn. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tí a bá ti fọn fèrè, kí olùdáàbòbò tètè padà sí ipò rẹ̀, kí ó má ṣe kọ ẹ̀yìn sí bọ́ọ̀lù, kí ó má sì ṣe rò pé a ó dúró de òun.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹni tí a ṣẹ̀ béèrè àyè rẹ̀. Bí ó bá ti béèrè, tàbí bí rẹfirí bá ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà láti ti ògiri sẹ́yìn, nǹkan ti yí padà. Rẹfirí yóò gbé fèrè rẹ̀ sókè, yóò sì tọ́ka sí i, kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ pé a kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù náà mọ́ àfi bí fèrè bá dún. Bí ẹnikẹ́ni bá gbá a kí fèrè tó dún, tí ó tilẹ̀ wọlé, kò jẹ́ góòlù. A ó tún un gbá.

Ohun kan wà tí rẹfirí kò gbọdọ̀ ṣe. Kò gbọdọ̀ sáré wá dúró síwájú bọ́ọ̀lù láti to ògiri nígbà tí ẹni tí a ṣẹ̀ ṣì fẹ́ gbá a kíákíá. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó ran ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ́wọ́, nítorí ó fún un ní àkókò láti palẹ̀ mọ́.

OHUN TÍ RẸFIRÍ Ń ṢE SÍ ẸNI TÍ Ó SÚNMỌ́ JÙ

Ẹ jẹ́ kí a to ọ̀rọ̀ náà ní ẹsẹẹsẹ.

Ní àkọ́kọ́, rẹfirí yóò fi ẹnu sọ ọ́, yóò sì fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí ògiri yóò dúró. Ohùn pẹ̀lẹ́ tí ó dúró ṣinṣin a máa ṣe ju ariwo lọ. Bí ògiri bá sún, ọ̀rọ̀ tán.

Ní ẹ̀ẹ̀kejì, bí ẹnìkan bá kọ̀ láti sún, tàbí tí ó sún tán tí ó tún yọ́ padà wá, a ó fi káàdì aláwọ̀ ìyeyè hàn án. Àìfi àyè yáàdì 10 sílẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ gedegbe nínú ìwé òfin. Rẹfirí kò dá a sílẹ̀ láti inú ọkàn ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ti gba káàdì ìyeyè kan tẹ́lẹ̀ nínú eré náà yóò rí pupa lẹ́yìn èkejì, yóò sì jáde. Ní ìdíje Ife Àgbáyé ọdún 1970 ní ilẹ̀ Mexico ni a kọ́kọ́ lo irú káàdì wọ̀nyí níbẹ̀, nípa ìmọ̀ràn Ken Aston, rẹfirí ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn tí kò gbọ́ èdè ara wọn lè mọ ìdájọ́ rẹfirí pẹ̀lú ojú.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, bí ẹnìkan bá mọ̀ọ́mọ̀ lọ dúró sí iwájú bọ́ọ̀lù kí a má baà lè gbá a, tàbí tí ó gbá a jìnnà, tàbí tí ó gbé e dání lọ, ẹ̀ṣẹ̀ ìdádúró eré ni. Káàdì ìyeyè ni èrè tirẹ̀ náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí wé ohun tí a sọ níṣàájú nípa ẹni tí ó gba bọ́ọ̀lù lẹ́yìn tí a ti yára gbá a. Èyíinì dúró sí ipò rẹ̀, bọ́ọ̀lù ni ó bá a níbẹ̀. Èyí mọ̀ọ́mọ̀ wá dí ọ̀nà kí ẹlòmíràn má baà lo ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ wà láàárín àwọn méjèèjì, rẹfirí ni òfin sì fún ní agbára láti mọ̀ ọ́n.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, bí ẹnìkan bá sá jáde láti inú ògiri kí a tó gbá bọ́ọ̀lù, tí bọ́ọ̀lù sì bà á, a ó tún un gbá. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá kọjá rẹ̀ tí ó sì wọlé, góòlù ni. Ẹlẹ́ṣẹ̀ kò lè tìtorí ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí a fagi lé góòlù. Àǹfààní ẹni tí a ṣẹ̀ ni òfin ń wá.

Òfin kò gbàgbé àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù náà. Láti ọdún 2019, bí ènìyàn 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá mọ ògiri, àwọn ọmọ ikọ̀ tí yóò gbá bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ jìnnà sí ògiri náà ní mítà 1. Ṣáájú èyí, wọn a máa wọ àárín ògiri lọ láti tì í àti láti fa aṣọ, ìjà a sì máa ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá rú òfin yìí nígbà tí a gbá bọ́ọ̀lù, a ó gba fíríkíìkì náà lọ́wọ́ wọn fún ikọ̀ kejì.

ỌKÙNRIN TÍ GBOGBO AYÉ FI ṢE Ẹ̀RÍN

Kò sí ẹni tí a mọ̀ jù nípa ẹ̀ṣẹ̀ yìí bí ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà kan, Mwepu Ilunga, ará ilẹ̀ Zaire, tí à ń pè ní Kóńgò lónìí. Ní ọdún 1974, Zaire ni orílẹ̀-èdè àwọn ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tí ó dé ìdíje Ife Àgbáyé, èyí tí a ṣe ní ilẹ̀ Jámánì. Yugoslavia ti fi góòlù 9 sí òdo lù wọ́n. Ní ọjọ́ 22 oṣù Òkudù, wọ́n pàdé Brazil. Brazil rí fíríkíìkì, àwọn ará Zaire mọ ògiri, rẹfirí fọn fèrè. Kí ará Brazil kankan tó fi ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù, Mwepu ti tú jáde láti inú ògiri, ó sì gbá bọ́ọ̀lù náà lọ jìnnà réré. Káàdì ìyeyè ni rẹfirí fi hàn án. Góòlù 3 sí òdo ni eré náà parí sí.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ń fi àwòrán ọ̀rọ̀ yìí hàn káàkiri ayé, tí a sì ń rẹ́rìn-ín pé àwọn ará Áfíríkà kò mọ òfin bọ́ọ̀lù. Nígbà tí ó pẹ́, Mwepu fúnra rẹ̀ la ẹnu. Ó ní òun mọ òfin náà dáadáa, òun sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ó sọ pé àwọn aláṣẹ ilẹ̀ wọn ti halẹ̀ mọ́ wọn pé wọn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí Brazil gbá ju góòlù 3 lọ, wọn kò sì san owó tí ó tọ́ sí wọn fún wọn. Mwepu ṣaláìsí ní ọdún 2015.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni àwọn baba wa wí. Ayé dá ẹjọ́ Mwepu láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ kíyè sí i pé rẹfirí kò ṣe àṣìṣe. Kò sí nínú iṣẹ́ rẹ̀ láti mọ ohun tí ó wà nínú ọkàn Mwepu. Ó rí ẹni tí ó rú òfin, ó fi káàdì hàn án, eré sì ń bá a lọ. Kò bú u, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ó ti yẹ kí rẹfirí ṣe nìyẹn.

ẸFUN TÍ Ń PÒÓRÀ

Àwọn tí ń ṣètò bọ́ọ̀lù ti gbìyànjú ọ̀nà oríṣiríṣi láti dá ògiri dúró. Nígbà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ògiri bá kọ̀ láti sún, rẹfirí lè gbé bọ́ọ̀lù náà síwájú ní yáàdì 10 sí i. A pa àṣà yìí tì ní ọdún 2005. Heine Allemagne, ọmọ ilẹ̀ Brazil, ni ó mú ìfóòfó funfun kan jáde tí rẹfirí ń gbé há ìbàdí nínú agolo. Yóò fọ́n ọn yí ibi tí bọ́ọ̀lù wà ká, yóò sì fi fa ìlà síwájú ẹsẹ̀ ògiri. Láìpẹ́, ìlà náà yóò pòórà láìfi àmì kankan sílẹ̀ lórí koríko. Gbogbo ayé rí i ní ìdíje Ife Àgbáyé ọdún 2014 ní ilẹ̀ Brazil. Nígbà tí ìlà bá ti wà níwájú ẹsẹ̀ ènìyàn, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú sì ń wò ó, ó ṣòro fún un láti yọ́ rìn.

Ní ọ̀pọ̀ pápá àdúgbò wa, rẹfirí kò ní agolo yìí. Ojú, ohùn, fèrè àti káàdì ni ó ní. Àwọn náà tó, bí àwọn òǹwòran bá fún un láyè láti lò wọ́n.

IṢẸ́ TI OLÚKÚLÙKÙ WA

Láti ìgbà tí a ti dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní Ọjọ́ ní ọdún 1983, ọ̀dọ́ láti ìlú oríṣiríṣi ti ń wá sí agbègbè wa yìí. Ọmọ onílẹ̀ àti àlejò ń pàdé lórí pápá kan náà. Bí olúkúlùkù bá mú òfin ilé rẹ̀ wá, kò ní í sí eré. Òfin kan ṣoṣo ni ó lè mú wọn gbá bọ́ọ̀lù pọ̀ kí wọ́n sì padà sílé ní àlàáfíà.

Nítorí náà, kí ẹ̀yin olùkọ́ àti olùkọ́ni bọ́ọ̀lù má ṣe kọ́ àwọn ọmọ wa láti máa jí ìgbésẹ̀ nígbà tí rẹfirí bá kọ ẹ̀yìn. Ọmọ tí ó bá súnmọ́ bọ́ọ̀lù jù lè gbà á sí ojú. Bí ó bá sì bọ́ nínú èyí, ohun tí ẹ kọ́ ọ ni pé a lè fi ọgbọ́n àrékérekè gba ẹ̀tọ́ ẹni tí a ti ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹ̀yin balógun ikọ̀ ran rẹfirí lọ́wọ́ láti mú àwọn ènìyàn yín sún sẹ́yìn. Kí ẹ̀yin òǹwòran dúró sí ẹ̀yìn ìlà, kí ẹ sì rántí láti bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó pariwo: Ṣé ẹni tí ó gbá a yára gbá a ni, tàbí ó ti béèrè àyè? Ṣé fèrè ti dún? Ṣé ẹni tí bọ́ọ̀lù bà dúró sí ipò rẹ̀ ni, tàbí ó mọ̀ọ́mọ̀ wá dí ọ̀nà?

Ẹni tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí ti mọ ohun tí rẹfirí mọ̀. Yáàdì 10 kò tó nǹkan lójú ẹni tí ń wo eré, ṣùgbọ́n òun ni gbogbo ohun tí òfin rí fún ẹni tí a ṣẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ fún un.